Ojú Ọ̀tún Mọ́tò Bàbá Rẹ

Ilé bàbá rẹ,
Kabala Doki,
Kàdúná.

Morọ́láyọ̀ ọmọ mi, Àjíkẹ́ bàbá rẹ̀,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà Èkó, mo kí ọ kú àtijọ́ tí a ti fojú kan ara wa. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, orúnkún nìkan ló ń ṣe mí bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ò sì tíì kán sílẹ̀ ní Kàdúná yìí. Ọlọ́run tó jí mi lónìí, tó fún mi lágbára láti di bírò mú, kó máa jí ìwọ náà sí ire lójoojúmọ́. Ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, oúnjẹ òòjọ́ rẹ kò ní di ìjà, àpótí irin tó ń gbé yín lọ sókè ní ọ́fíìsì yín kò sì ní há mọ́ ọ lórí. Patience ló ṣàlàyé àpótí yẹn fún mi, ó ní wọ́n á kó yín wọlé, ilẹ̀kùn á pa dé, ẹ ó dúró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò, ẹnì kan ò ní bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, nígbà tó bá fi máa ṣí, ẹ ti dé òkè. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi í sínú àdúrà òwúrọ̀ mi, pé àpótí yòówù kí ọmọ mi wọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni kó máa fi jáde níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù tí o rà fún mi dára, mo ń fi gèlè wé e, n kì í gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ sínú ohun tó lè kú lójijì. Ọjọ́ tí o pè mí tí a rí ojú ara wa nínú rẹ̀, ṣé o rántí pé mo bi ọ́ pé ìyá arúgbó wo ló jókòó sí igun lọ́hùn-ún tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, pé n kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé wa lójú rẹ̀, ìwọ wá bú sẹ́rìn-ín, o ní èmi ni. Mo bá ọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí o ti lọ tán, mo jókòó, mo ń rò ó, nítorí n kò mọ̀ pé mo ti dà bẹ́ẹ̀. Patience ló máa mú lẹ́tà yìí wá. Ó ń bọ̀ wá wo ọmọ tí ọmọ rẹ̀ bí ní Ìkòròdú. O mọ̀ ọ́n, òun ni ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, òun ló wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ ní ọsibítù títí dópin. Bí o bá ti ń ka èyí tí o kò tíì fún un lómi, dìde.

Ilé dára, oòrùn ni kò dára. Igi máńgòrò iwájú ilé so, àwọn ọmọ àdúgbò ń sọ ọ́ lókùúta, mo ní kí wọ́n yéé sọ òkò, kí wọ́n wá tọrọ, wọ́n gbọ́ Yorùbá mi dáadáa, Haúsá ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, wọ́n á ní to, Mama, pé àwọn ti gbọ́, wọ́n á sì tún ju òkúta mìíràn. Àbúrò mi Aaron ránṣẹ́ láti oko pé òun ti kọ ebè iṣu mi, pé ewúrẹ́ funfun ti bímọ, pé kí ni mo ṣì ń ṣe ní Kàdúná láti ọjọ́ yìí. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé ọmọ mi ló ní kí n wá ṣọ́ ilé títí wọ́n á fi ra mọ́tò bàbá rẹ̀, mi ò sì lè fi ilé ọkọ mi sílẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́ nìkan.

Ọ̀gá ará Àbújá tó fẹ́ ra mọ́tò náà, tó ní òun fẹ́ máa fi gbé àwọn ìyàwó tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó fi ìwé kan ránṣẹ́ sínú fóònù mi, ó ní kí n kà á, kí n sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n fa ìlà sí. Mo kà á, mo rí ìlà náà. Bàbá rẹ máa ń sọ pé ìwé tó bá ti kan ohun ìní, àtàǹpàkò ló dájú jù, nítorí ẹnikẹ́ni lè jókòó kọ orúkọ ẹlòmíràn. Mo wá tádáwà tó fi sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, mo ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ìlà náà dáadáa, mo gbé fóònù sójú fèrèsé kó gbẹ. Ó gbẹ. Àmọ́ láti ìgbà náà ni fóònù ò ti fẹ́ ṣí fún mi mọ́ bí mo bá fi ìka kàn án, títí Zubair, mẹkáníìkì tí o rán sí mi, fi fi kẹrosíìnì nù ún. N kò fi iṣẹ́ rẹ ṣeré, ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó yé mi jù nínú ìwé náà ni pé ọ̀gá yìí kò ní gbé mọ́tò bí ojú mọ́tò náà kò bá lè pa dé kó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

O mọ mọ́tò yìí jù mí lọ. Èmi ti lọ sóko láti tọ́jú ìyá bàbá rẹ nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, oko náà sì mú mi mọ́lẹ̀, ìwọ lo dúró ti bàbá rẹ ní Kàdúná. Nígbà tí òyìnbó ọ̀gá wọn ní ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá rẹ ti ń ṣiṣẹ́ ń padà sílùú rẹ̀, tó ta mọ́tò gígùn ará Amẹ́ríkà yẹn fún un, wọ́n ní gbogbo Kabala Doki ló wá wò ó, nítorí pé kò lójú. Irin tó dán ló bo iwájú rẹ̀ láti ìhín dé ọ̀hún, àfi bí bàbá rẹ bá fa nǹkan kan nínú ọkọ̀, ni ìpéǹpéjú méjèèjì á rọra ká sókè, iná á sì yọjú lábẹ́ wọn. Bàbá rẹ sọ fún mi pé bí òun bá ti gbé ọkọ̀ dúró nírọ̀lẹ́, o kì í wọlé, wàá dúró síwájú rẹ̀ títí ojú á fi pa dé, wàá gbé ọwọ́ lé ti ọ̀tún, wàá ní ó dàárọ̀ o, kí o tó lọ jẹun. Ó ní lọ́jọ́ tí ibà dá ọ dúbúlẹ̀, ṣe ni òun pọ̀n ọ́ jáde kí o lè kí i. Gbogbo ẹni tó bá jókòó tì í ló máa ń sọ ọ́ fún, kò sú u.

Nígbà tí mo dé, mo bá mọ́tò lábẹ́ igi máńgòrò, eruku ti bò ó títí dé ojú rẹ̀ tó là sílẹ̀. Zubair wá, ó tún bátìrì ṣe, ẹ́ńjìnì dáhùn, ojú méjèèjì sì rọra pa dé. Inú mi dùn. Ó pa ẹ́ńjìnì, ó ní òun ń lọ ṣínu, nítorí àwọn mùsùlùmí wà nínú ààwẹ̀ wọn, pé òun á padà wá. Láàárọ̀ tí mo jáde wá gbálẹ̀, ojú méjèèjì ti là sílẹ̀ gedegbe, wọ́n ń wo ẹnu géètì. Iná kò tàn nínú wọn o, wọ́n kàn là ni. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní bóyá Zubair ló gbàgbé nǹkan kan. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀ náà, àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ náà, a óò pa á dé nírọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ yóò ti là, ẹnu géètì náà ni yóò sì máa wò.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún ọ, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ ń lọ, èmi wà lójú ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe pè mí pé ara rẹ̀ kò yá ni mo ti wọkọ̀ láti oko wa ní Ìsánlú. Mo dé Gonin Gora, a tò sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tí àwọn sójà ti ń yẹ ọkọ̀ wò, mo ti ń rí òrùlé Kàdúná lókèèrè, ibẹ̀ ni Patience ti pè mí. Nígbà tí mo fi dé ọsibítù, wọ́n ti gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo bi Patience bó ṣe lọ. Kò fẹ́ sọ ọ́. Ó ní ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ni, pé ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Mo bi í pé ta ló pa á dé. Ó ní òun kò fọwọ́ kàn án, pé òun kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, òun kì í sì í ṣe ọmọ rẹ̀, òun rò pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ni. Ó jàre. O mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni ló ń pa ojú òkú dé. Ìyàwó rẹ̀ ni, tàbí àkọ́bí rẹ̀, òun ni yóò gbọ́wọ́ lé e tí yóò sì ní kó sùn re. Ọwọ́ àwa méjèèjì ò sí níbẹ̀. Nígbà tí ìwọ fi dé láti Èkó, wọ́n ti kan pósí. A sin ín, o wọkọ̀ padà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, láti ìgbà náà o kò tíì tẹ Kàdúná, bí mo bá sì dá ọ̀rọ̀ bàbá rẹ sílẹ̀ lórí fóònù, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, Morọ́láyọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ojú méjì tó là sílẹ̀ láàárọ̀ tó ń wo géètì, kí lo fẹ́ kí n rò? Mo rò pé ó ń wá ọwọ́ tí yóò pa á dé. Ẹ̀rù kò bà mí, ọkọ mi ni. Ó kàn dùn mí wọnú egungun ni.

Mo lọ bá Alàgbà Adébíyìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Alàgbà kò fi mí ṣẹ̀sín, ó wá, ó gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ka Sáàmù, ó gbàdúrà tó gùn, ó ní kí ojú tó bá ń ṣọ́ ilé yìí lọ sinmi ní àlàáfíà. Ó jẹ ẹ̀bà, ó lọ. Láàárọ̀ ojú ti là. Mo pè é, ó ní òun kò dẹ́kun àdúrà o, àmọ́ kí a tún jẹ́ kí mẹkáníìkì wò ó sí i.

Zubair náà kò tètè mọ̀ ọ́n. Ọmọ àdúgbò Kinkinau ni, Haúsá ló ń sọ, ó ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé iná ló ń ṣí ojú náà, bíi ti fèrèsé mọ́tò òde òní, ló bá ń tú wáyà. Wáyà pupa, wáyà dúdú, ó tú wọn sílẹ̀ bí ìfun adìẹ. Nígbà tó gé ọ̀kan báyìí, họ́ọ̀nù ta, kò sì dákẹ́ mọ́. Àwọn ará iwájú ilé jáde, àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí dúró, Zubair ń sáré yí ọkọ̀ ká, ó ń ní kai, kai, títí ó fi yọ orí bátìrì. Èmi ti wọlé lọ jókòó nígbà yẹn, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi. Ó dà bí igbe ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń tọrọ.

Ohun tó wá yí ọ̀rọ̀ padà nìyí. Lọ́jọ́ kan ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, Zubair wà lábẹ́ ọkọ̀, èmi gbé omi aṣọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo sì gbọ́ ọ. Hììì, bí ẹni tí àyà ń há. O kò sí nílé ní ọdún tí bàbá rẹ lò kẹ́yìn, àmọ́ nígbà tí ó wá bá mi ní oko ní ọdún Kérésì, bó ṣe ń mí nìyẹn, láti ẹ̀gbẹ́ òsì, mo máa ń dùbúlẹ̀ tì í, mo máa ń gbọ́ ọ. Mo gbé omi sílẹ̀. Mo sọ fún Zubair pé ó ń mí. Ó ní ta ni. Mo ní ọkọ mi, mo ní ẹ̀gbẹ́ òsì ló ti ń mí bó ṣe máa ń mí. Ó wò mí, mo mọ̀ pé ó rò pé oòrùn ti wọ̀ mí lórí, ó ní Mama, sannu, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ lọ jókòó síbòji. Mo ní n kò jókòó. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, kò bá mi jiyàn. Ó mú rọ́bà gígùn kan, ó ki orí kan bọ etí ara rẹ̀, ó ń fi orí kejì wá inú bọ́nẹ́ẹ̀tì kiri bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ó dé ẹ̀gbẹ́ òsì, ó dúró. Ó ní ikon Allah, agbára Ọlọ́run nìyí. Ó fi ìka dí ibì kan, mímí náà sì dákẹ́.

Ó wá jókòó sórí táyà, ó ṣàlàyé fún mi, mo ní kó rọra sọ ọ́ kó lè yé mi, ó sì yé mi. Ó ní òun ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀, pé kì í ṣe iná ló ń pa ojú mọ́tò yìí dé, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà ni. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú bí ọmọ tó ń fa ọmú. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé fífà náà lọ sínú agolo tí wọ́n fi pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, láti inú agolo ó pín lọ sí ẹ̀yìn ojú méjèèjì, níbi tí àpò rọ́bà kọ̀ọ̀kan wà. Fífà yẹn ló ń mú ìpéǹpéjú mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnì, èyí tó wà nínú agolo ni yóò máa dì í mú. Àmọ́ rọ́bà ti gbó, ó ti sán níbi tó ti so mọ́ agolo, afẹ́fẹ́ wá ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, bó bá fi máa di ìdájí, fífà á ti tán, sípíríǹgì á sì ti ojú sókè. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò ṣe é kó jẹ́ pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ojú á kúkú pa dé. Ó ní rárá, àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí bí fífà bá tán lójú ọ̀nà nínú òkùnkùn, ó yẹ kí ojú là, kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ má baà wọ kòtò.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Pé bí èémí bá tán, ojú á là, nítorí àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Mo wọlé lọ fọ aṣọ mi. Mo sunkún nídìí omi náà, àmọ́ kì í ṣe ẹkún tí mo ti ń sun tẹ́lẹ̀.

Zubair lọ sí Páńtẹ́kà, ọjà tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù, ó ra rọ́bà, ó pààrọ̀ èyí tó sán. Láàárọ̀, ojú tún là. Ojú tì í, ó ní ihò mìíràn gbọ́dọ̀ wà. Ó ta ẹ́ńjìnì, ojú méjèèjì pa dé, ó fi ẹ̀mú fún rọ́bà tó lọ sí ẹ̀yìn ojú ọ̀tún pọ̀, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnì. Ní ọjọ́ kejì òsì kò là, ọ̀tún nìkan ló là. Ó ní ó tán, àpò rọ́bà ẹ̀yìn ojú ọ̀tún ló ti ya, òun ló ń dá èkejì lóró. Ó yọ ọ́, ó fi ìṣó ńlá dí ẹnu rọ́bà tó lọ síbẹ̀. Àmọ́ ó fẹ́ mọ̀ dájú pé àpò ti òsì náà yè, kó má baà tún sọ ohun kan fún mi kí ilẹ̀ mọ́ kó di òmíràn. Ó ní ẹnu ni àwọn fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á yọ rọ́bà, wọ́n á fi ẹnu fà á, wọ́n á sì fi ahọ́n dí i. Bí ojú bá dúró, àpò yè. Ó yọ rọ́bà ojú òsì, ojú náà sì là, ó mú rọ́bà náà lọ́wọ́, ó ń wò ó. Ó gbọ́ òórùn bẹntiróòlù lára rẹ̀. Ó ní Mama, mo ń gbààwẹ̀, mi ò lè fi èyí sẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n dúró di ìgbà tí mo bá ṣínu.

Mo ní mú un wá.

Ó ní Mama, ó ń rùn. Mo ní mú un wá, ọmọ mi. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe é. Mo kúnlẹ̀ síwájú mọ́tò bàbá rẹ, orúnkún mi ké, mo fi rọ́bà sẹ́nu, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé ìpéǹpéjú náà. Oòrùn ti mú kí irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo rọra tẹ̀ ẹ́ bọ̀ wálẹ̀, mo ń fa rọ́bà, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ tí nǹkan kan dún pẹ́ nínú, mo sì mọ̀ pé ó ti dé. Mo fi ahọ́n dí ẹnu rọ́bà, mo gbé ọwọ́ kúrò. Kò là. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó sùn re, n kò lè sọ̀rọ̀, rọ́bà wà lẹ́nu mi, mo bá sọ ọ́ nínú. Zubair ní ó ti tó, Mama, ó dára, ẹ fi sílẹ̀. N kò fi sílẹ̀. Ó tún ní ó ti tó. Ó rí ojú mi, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúró tì mí bẹ́ẹ̀ títí ẹnu fi ro mí. Nígbà tó yá ló wá fi ẹ̀mú fún rọ́bà náà pọ̀, ó gbà á lẹ́nu mi, ó so ó padà sí àyè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ojú òsì kò là mọ́ àfi bí a bá ṣí i. N kò tíì lè mú òórùn bẹntiróòlù yẹn kúrò lẹ́nu, n kò sì fi taratara wá bí yóò ṣe kúrò.

Mo mọ̀ pé mọ́tò ni. Má rò pé mo ti ya wèrè. Rọ́bà àti agolo ni, Zubair ti fi hàn mí. Àmọ́ ọwọ́ mi ti ṣe ohun tó yẹ kó ṣe ní ọsibítù, ó sì ti mọ̀ pé òun ṣe é, mo ń sùn dáadáa báyìí.

Ó ku ojú ọ̀tún. Zubair ti rí àpò mìíràn lára ọkọ̀ ògbólógbòó kan ní Páńtẹ́kà, ó ti dè é mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ẹnu rọ́bà rẹ̀ sílẹ̀ láìso. Ó ní fífà kan péré ló kù kí òun tó dì í, pé kí n wá fà á bí mo ṣe fa ti òsì. Mo ní rárá. Mo ní ojú yẹn lẹ́ni tó ni í. Ọ̀gá ará Àbújá wá, ó yí ọkọ̀ ká, ó rí òsì tó pa dé, ó rí ọ̀tún tó là, ó ní èwo leléyìí. Mo ní kó lọ padà wá lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ó ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni mẹkáníìkì sọ pé ó kù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bínú díẹ̀, ó ní òun lè rí mọ́tò mìíràn rà. Bó bá rí i, kó rà á. N kò sọ pé kí o má tà á, bàbá rẹ kò wà mọ́ láti gùn ún, èmi kò mọ̀ ọ́n wà, kí ìyàwó aláyọ̀ máa jókòó sínú rẹ̀ dára ju kí adìẹ máa yé sábẹ́ rẹ̀ lọ. O ní kí n tà á kíákíá nítorí o kò fẹ́ fojú kàn án mọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kò yẹ kó kúrò ní ilé yìí kí ìwọ tó kí i pé ó dàárọ̀.

Nítorí náà, ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀ yìí, wá. Ojú lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe inú fóònù. Ààwẹ̀ wọn kò ní tíì parí nígbà náà, Zubair kò ní lè fi ẹnu kan rọ́bà, èmi sì ti fa tèmi. Ẹnu tìrẹ ló kù. Mo ti fọ orí rọ́bà náà pẹ̀lú ọṣẹ, mo fi aṣọ funfun wé e. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, mo ń fẹ́ owó kẹrosíìnì àti owó ìgbálẹ̀ tuntun, owó ara Zubair náà ló sì fi ra àpò yẹn, ó yẹ kí a dá a padà fún un. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù, n kò mọ ibi tó ń wọlé sí níbẹ̀. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ Ísírẹ́lì tí kì í tòògbé ṣọ́ ọ lọ́nà. Awakọ̀ tí yóò gbé ọ kò ní sùn lórí ìdarí. Ọwọ́ rẹ kò ní pẹ́ dé ibi tó yẹ kó dé. Ìwọ náà á dàgbà, ojú rẹ á dúró, lọ́jọ́ alẹ́ rẹ, ọmọ rẹ ni yóò wà nítòsí, kì í ṣe ẹni ẹlẹ́ni. Àmín.

Mo gbálẹ̀ láàárọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ lẹ́tà yìí. Òsì sùn. Ọ̀tún ń wo ẹnu géètì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.